Ẹran Abẹ́ Ẹ̀fọ́

Castle Hill, Bronx,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Kúnmi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí Tóyọ̀sí tó gbà ọ́ sílé ní Laurelton. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí òtútù yìí má sì rí yín gbé ṣe. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. O kì í gbé fóònù mi, mi ò sì bá ọ wí.

Wọ́n ti gbé bàbá rẹ sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọkùnrin tó wa bọ́ọ̀sì fún ọdún méjìlélógún, èmi ni mo ń dì í mú gun bọ́ọ̀sì báyìí.

Mo rántí àlàyé rẹ ní kíṣìnnì wa: "Mọ́mì, ẹran tí Dádì bá jẹ, ara á tú u palẹ̀, á mú èyí tó wúlò. Èyí tó kù á di ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Ẹ rántí bí a ṣe ń sẹ́ ògì: bí asẹ́ bá ti ya, èèrí á bá ògì lọ. Kíndìnrín Dádì ti ń ya bí asẹ́ náà, dókítà sì ní ẹran kékeré kan péré lójúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà."

Mo gbọ́, mi ò gbà. Nílé ìyá mi, ẹran kan ṣoṣo kì í dé iwájú baálé ilé. Àbùkù ìyàwó ni. Bí o bá ti fi ẹyọ kan sínú àwo rẹ̀ tí o yíjú, màá bọ mẹ́ta mìíràn sábẹ́ ẹ̀fọ́. Bàbá rẹ á wò mí, á rẹ́rìn-ín, á jẹ ẹ́. Mo pè é ní ìfẹ́.

Ọjọ́ tí o fi ṣíbí tú ẹ̀fọ́ náà tí o rí i, ìtìjú ló jẹ́ kí n pariwo: "Ṣé bí wọ́n ṣe ń febi pa bàbá ẹni ni wọ́n ń kọ́ yín ní ilé-ìwé nọ́ọ̀sì?" Mo ní kí o kó ẹrù rẹ. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́. Ọmọ tó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ pẹ́ láyé ni mo lé jáde. Dókítà kò dá mi lẹ́bi; ó ní àìsàn náà lè dé ibi tó dé láìsí ẹran yẹn náà. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo bọ sábẹ́ ẹ̀fọ́. Kúnmi, mo jẹ̀bi. Dárí jì mí.

Èyí tó dùn mí jù rèé: ní báyìí tí ẹ̀rọ ń bá a sẹ́ ìdọ̀tí náà, wọ́n ní kó máa jẹ ẹran dáadáa. Kò wù ú jẹ mọ́. Lánàá mo bu mẹ́ta fún un, ó fọwọ́ tì í: "Ìyá Kúnmi, kó o pamọ́. Ó di ìgbà tí Kúnmi bá dé, tó bá ní kí n jẹ ẹ́."

Olúwa á mú ọ yege nínú iṣẹ́ tí o ń kọ́. Á fún ọ ní ọmọ tí yóò sọ òtítọ́ fún ọ, á sì fún ọ ní etí tí èmi kò ní.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Florence

Àfikún: Mi ò pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn bí mo ṣe lérí. Ẹran náà wà nínú fìrísà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wá sọ èyí tó yẹ kó jẹ fún wa.