Ẹ̀rọ Itzel Tó Lẹ̀ Mọ́lẹ̀

Fidencio ọmọ mi,

Mo kí ìwọ àti aya rẹ. Àgbàdo ṣe dáadáa. Orúnkún ṣì ń dùn mí. Itzel ọmọ rẹ ló ń bá mi kọ èyí.

O ní kó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kó wá bá ọ ṣiṣẹ́. Mo lọ wo ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Puebla: ẹ̀rọ tó ń yí, tí kò tó ìbú irun orí. Mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó; ti Itzel kò yí.

Olùkọ́ ní, "Bàbá, a fi omi fọ̀ ọ́ tán, Itzel kánjú mú un gbẹ, omi tó ń gbẹ sì fà á wálẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀."

Itzel ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá àgbà!"

Ó ṣe òmíràn, ó fara balẹ̀ mú un gbẹ. Ó yí. Mo rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ.

Fidencio, má kánjú yọ ọmọ yìí kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́. Fi oògùn orúnkún ránṣẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o rí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó bá ń yí.

Eleuterio, bàbá rẹ