Olè Tó Wà Nínú Yàrá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn: olè tí kò sí ọlọ́pàá tí yóò gbà á lọ́wọ́ ẹni, ta ló ni ín? Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àgbà fi ìbéèrè ṣáájú ìkíni, nítorí náà jẹ́ kí n padà sẹ́yìn. Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o máa ń rí oúnjẹ gidi jẹ bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ ní ìlú tí ọ̀nà ti pọ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Ojú tó bá ń wá ọ, kó jẹ́ ojú rere. Ara èmi náà le, àfi ìbàdí mi, tí kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Ìyá rẹ wà. Ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má fi ọ̀rọ̀ olè náà bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi bẹ̀rẹ̀ ná.

Wàá rántí àgọ́ ọlọ́pàá ìsàlẹ̀ ilé wa, èyí tó ní àga gígùn níwájú. Wọ́n ti tì í. Bí wọ́n ṣe ti ilé ìkàwé tí mo ṣọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì náà ni wọ́n ṣe tì í, mo sì ti mọ̀ láti ọjọ́ tí gílóòbù wọn jó tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ rẹ̀. Ìjọba kì í ti ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Gílóòbù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé, lẹ́yìn náà bébà, lẹ́yìn náà ènìyàn. Nígbà tó kù díẹ̀, Sájẹ́ǹtì nìkan ló ṣẹ́kù níbẹ̀ pẹ̀lú alùpùpù tí kò ní epo. Bí èèyàn bá lọ fẹjọ́ sùn, á ní kí onítọ̀hún bá òun jókòó ti tábìlì, kí òun fẹsẹ̀ rìn lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìjọba ti dín owó àwọn ọlọ́pàá kù, pé wọ́n ní kí gbogbo àgọ́ kéékèèké kó lọ sí àgọ́ ńlá tó wà ní ìlú kejì. Mo bi í léèrè, tọkàntọkàn ni mo sì fi bi í, pé ṣé wọ́n ti kọ̀wé sí àwọn olè náà pé kí wọ́n dín iṣẹ́ tiwọn kù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ó jókòó, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Kò pẹ́ tó fi di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Pátákó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ń fẹ́ ọlọ́pàá kó pe nọ́ńbà náà. Mo gbà pé ọgbọ́n ni. Ọlọ́pàá tó wà nínú nọ́ńbà kì í mu epo.

Ọ̀rọ̀ olè náà wá kàn. Ọ̀sán gangan ni. Onígbàjámọ̀ lọ jẹun, ẹnìkan sì wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé dígí ńlá tó wà lára ògiri. O mọ dígí náà. Inú rẹ̀ lo ti kọ́kọ́ rí i pé etí rẹ jọ tèmi, tí o sì bú sẹ́kún. Ẹni tó jí owó lè fi í sápò, ẹni tó jí adìẹ lè dì í lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wo lèèyàn fẹ́ fi gbé dígí tó tó ilẹ̀kùn pamọ́? Gbogbo ẹni tó pàdé rẹ̀ ló rí ara rẹ̀. Ìyàwó télọ̀ ní kó dúró díẹ̀ fún òun, kí òun tún ìborí òun wé. Ó dúró. Wọ́n ní ó tiẹ̀ sọ fún un pé apá òsì ló wọ́. Ibẹ̀ ni onígbàjámọ̀ ti bá a.

Kí n tó dé ọ̀hún, dígí ti fọ́, etí olè ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹnìkan sì ti ń yí táyà àlòkù bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. O mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe fún olè. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọlọ́pàá wo, Bàbá? Mo ní nọ́ńbà rẹ̀ wà lára pátákó. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló sì gbà á là, nítorí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í lè na èèyàn dáadáa. Mo di apá olè náà mú, mo mú un wálé, mo tì í mọ́ yàrá rẹ, torí yàrá tìrẹ nìkan ló ní irin lójú fèrèsé. Má bínú. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ló ń sùn. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ tó ní ìlà ló wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ba tirẹ̀ jẹ́.

Mo pe nọ́ńbà náà. Obìnrin kan ló gbé e, kò tiẹ̀ jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì. Ó kí mi, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó sọ irú rẹ̀ fún mi rí. Mo kí i padà, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Kò dáhùn ìyẹn, mo sì gbà pé ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ó ní bí wọ́n bá ń jà lọ́wọ́ kí n tẹ oókan, bí nǹkan mi bá sọnù kí n tẹ eéjì, bó bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀ kí n tẹ ẹẹ́ta. Mo ṣàlàyé fún un pé tèmi kò sí níbẹ̀, pé olè náà kò sọnù, pé ó wà níhìn-ín, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí òun tún un sọ, kí n tẹ eéje. Mo tẹ̀ ẹ́, kó má baà rò pé mi ò fetí sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n ṣe sùúrù, ó sì fi orin sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń wá àwọn ọlọ́pàá lọ. Orin náà dùn. Ìyá rẹ mirí sí i. Òun la gbọ́ títí owó fi tán lórí fóònù.

Ní ọjọ́ kejì mo ra káàdì, mo tún pè é. Obìnrin náà kí mi bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn mi rí. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí wọ́n bá dín ọlọ́pàá kù títí gbogbo iṣẹ́ wọn fi já lé obìnrin kan ṣoṣo lórí, tọ̀sán-tòru, báwo ni yóò ṣe rántí ohùn arúgbó kan? Mo ní kó máa rọra ṣe é, kó wá àyè sinmi. Ìyá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi sétí, ó dá a padà fún mi. Ó ní kì í ṣe èèyàn, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni. Mo bá a jiyàn gidi gan-an. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ìjọba bá lè gbé ara lọ kó fi ohùn sílẹ̀, ta ni mo ń kí?

Ní ti olè náà, mi ò fẹ́ kí o rò pé ẹni ire ni mo ń gbà sílé. Ìyá rẹ, tó ní ká máa pè é ní àlejò níwájú oúnjẹ, bá ṣíbí rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ. Ọkùnrin náà ní òun gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Olè ni. Ó ní òun máa ń kun ilé lọ́dà tẹ́lẹ̀, pé ilé ẹ̀kọ́ tí òun ń kùn lọ́wọ́ ni ìjọba dá dúró pẹ̀lú ògiri ẹyọ kan tó kù. Ó lè jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ tó ti ń mì ṣe láìjẹ́ pé a ní kó ṣe é, ó sì máa ń kan ilẹ̀kùn láti inú, á ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àgádágodo yẹn bóyá ó tì dáadáa. Mi ò rí olè tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àgádágodo rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, onígbàjámọ̀ wá pẹ̀lú àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò láti ìgbà tí Sájẹ́ǹtì ti lọ. Má rò pé èèyàn burúkú ni; ọ̀fẹ́ ló ń fá irun mi. Ó jókòó, ó mu omi. Ó ní Bàbá, láti ọjọ́ tí kò ti sí dígí, kò sí oníbàárà kan tó gbà pé irun òun gún, gbogbo wọn ń fọwọ́ pa orí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní olè wa. Mo ní olè yín kọ́, ti ìjọba ni. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ìjọba wá gbé e nígbà náà, ṣebí ẹ ti ń pè é, ẹ kúkú jọ ń gbọ́ orin. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjọba ti dín ọlọ́pàá kù, ṣùgbọ́n kò bá àwọn dín ìbínú kù, pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ọlọ́pàá kò dé, àwọn gan-an ni ọlọ́pàá. Mo ní bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́pàá, ta ni adájọ́? Ó ní àwọn náà ni. Mo ní ta wá ni olè? Ó dìde, ó ní kí n bá òun kí Màmá.

Nínú gbogbo ìwé tí mo kà nílé ìkàwé, mi ò rí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe bí òfin bá kó lọ sí ìlú kejì. Wọ́n kàn ń sọ pé òfin wà ni. Mo bi ara mi pé ṣé ẹni tó jí ṣíbí ìyàwó mi ni mo fẹ́ tìtorí rẹ̀ bá aládùúgbò mi jà? Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé dígí ni wọ́n jí, pé dígí ṣeé rà. Nítorí náà mo pinnu pé bí òfin kò bá lè wá, àwa la ó lọ bá a. Iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ọkọ̀ èrò ti ń gbéra láàárọ̀, mi ò sì ní gba ẹ̀yìnkùlé débẹ̀, torí ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé ti di olè kejì. Àárín títì la ó rìn, apá mi nínú apá rẹ̀. Bí wọ́n bá yí táyà jáde, n ó ní kí wọ́n lọ mú ọ̀kan sí i, nítorí mi ò ní fi apá rẹ̀ sílẹ̀.

Mo sọ èyí fún olè náà, ó sunkún, ó ní ṣé òun kò kúkú lè máa gbé yàrá yìí lọ ni. Mo ní ọmọ mi ń bọ̀ wálé lópin ọdún. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣe akọni lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, àpò ló ń dì. Ó ní kí n sọ fún wọn pé táyà mẹ́ta ni, pé òun kò lè jẹ́ kí èmi tí n kì í rántí fìlà mi dá mú olè rìnrìn àjò.

Wàyí o, jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, má ṣe jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Owó ọkọ̀ àlọ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ, ti àbọ̀ ni kò sí. Èèyàn méjì ló yẹ kó padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àwọn kò ní àyè fún un ní àgọ́ ńlá náà, a ó di mẹ́ta, nítorí náà fi ti ẹnì kẹta kún un. Àga Sájẹ́ǹtì ní àgọ́ ńlá náà la ó jókòó sí títí owó náà yóò fi dé. Fi káàdì fóònù sí i pẹ̀lú, obìnrin yẹn ti gba gbogbo èyí tí mo ní. Dígí ńkọ́? Bí o bá rí èyí tí kò wọ́n jù, mo fẹ́ rà á fún onígbàjámọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí o torí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, kí Ọlọ́run fi ẹni tí yóò dáhùn sẹ́yìn rẹ̀. Kí o má rí ọjọ́ tí o máa ké tí orin lásán yóò dá ọ lóhùn. Wàá dàgbà, wàá sì gbọ́n jù mí lọ, kò ṣòro.

Mo ń gbọ́ tí onígbàjámọ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tiwa ti kú kí àgọ́ ọlọ́pàá tó kú, ìlú kejì ni mo ti máa fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Nítorí náà, bí o bá ń kà á, fọkàn balẹ̀: a ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi ni, bàbá rẹ. Ilẹ̀ ti ń mọ́, mo ti pa àtùpà.