Ohun Tó Wà Lábẹ́ Fìlà Yín

Bàbá mi,

Mi ò pè yín ní ọ̀wọ́n lónìí. Tí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú. Inú ti ń bí èmi náà láti ìgbà tí mo ti ọsibítù dé.

Kókó ojú mi ni mo lọ fi han dókítà. Ẹ rántí wọn? Wọ́n yọ sí ẹ̀gbẹ́ imú mi nígbà tí mo ń bàlágà, ẹ sì torí ẹ̀ pe àwọn àgbà Igbó Ẹfọ̀n jọ, ẹ ní kò sẹ́ni tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀ rí nílé yín, kí ìyá mi lọ wá ẹni tó fún wọn lóyún mi. Ọjọ́ yẹn náà ni ìyá mi di ẹrù. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé àwa méjèèjì lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ò sì yọjú sí wa mọ́ títí ẹ fi kú.

Obìnrin ni dókítà náà. Wọ́n kán òróró sí kókó kan, wọ́n gbé awò kékeré tó níná lé e, wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, ibi tí irun àti òógùn ti ń jáde lára ló ti hù. Wọ́n gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ara òbí ló sì máa ń ti wá: ojú ló ń yọ sí fún ẹlòmíràn, orí fún ẹlòmíràn. Wọ́n wá béèrè orí yín lọ́wọ́ mi.

Ta ló rí orí yín rí, Bàbá? Ẹ fi fìlà fa àwọ̀n, ẹ fi fìlà sùn. Ẹ kì í jẹ́ kí onígbàjámọ̀ fọwọ́ kàn yín. A rò pé ẹ̀sìn ni.

Mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Rasaki, ọmọ ìyáálé, torí àwọn ló wẹ òkú yín. Ní Igbó Ẹfọ̀n, katakata ti ń la títì gba inú oko àgbọn yín kọjá. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, ohun téèyàn bá rí lára òkú, wọn kì í sọ ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí n dẹ́ṣẹ̀.” Wọ́n wá ṣí fìlà tiwọn, wọ́n tẹ orí síwájú mi. Kókó kún ibẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tó bí wọn rí.

Ẹ mọ̀! Ẹ rí ara yín lójú mi, ẹ sẹ́ mi, ẹ gbé ìtìjú yín ru ìyá mi. Kí ni wọ́n fi ṣe yín? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bẹ́ àgbọn fún mi, tí ẹ ó ní kí n tètè mu omi rẹ̀ kí àwọn yòókù tó dé, ṣé ọmọ àlè lẹ ń fún? Mi ò tíì ṣàdúà fún yín láti ọjọ́ náà.

Àná ni mo dé Ẹ̀pẹ́. Títí di ìsinsìnyí, ìyá mi máa ń yà kúrò lọ́nà tí wọ́n bá rí ará abúlé wa lọ́jà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ń retí kí wọ́n ṣépè fún yín. Èmi gan-an fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n fi ìborùn nu ojú, wọ́n ní, “Ṣé ó máa ń dun bàbá ẹ?”

Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Ta ni kí n lọ bi?

Èmi ni,
Ọmọ yín, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀.