Yàrá Mi Nínú Ilé Tó Ń Rìn

Ìdí-Ọsàn,
Ọjọ́ Ajé.

Olúwadọ̀tun ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú ọ̀nà Ìgàndó yẹn. Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwa náà wà, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí díẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan kú. Ohun búburú kò ní mọ ilé rẹ o, àmín, bí ilé yẹn sì ṣe ń rìn kiri yìí, níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Ọ̀rọ̀ ilé yẹn ló jẹ́ kí n mú gègé. Adéríbigbé ọmọ àbúrò bàbá rẹ wálé láti Èkó, ó fi àwòrán hàn mí nínú fóònù, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Mo rí bẹ́ẹ̀dì, mo rí kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí ibi ìfọwọ́, mo bá kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ pé ilé Ayọ̀bọ̀ ti parí. Mo ní kó fi yàrá mi hàn mí, èyí tí o ṣèlérí pé fèrèsé rẹ̀ máa kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́. Ó ní, Màmá, inú mọ́tò nìyẹn, Dọ̀tun ti ta ilẹ̀ Ayọ̀bọ̀, ó fi ra bọ́ọ̀sì, inú rẹ̀ ló ń tò bí ilé. Háà! Ilẹ̀ tí bàbá rẹ bá ọ fowó kún kó tó kú!

Nígbà tí mo pè ọ́, o ní kí n má bínú, pé o ṣọ́wó ná, o kò tiẹ̀ ra kíìtì. Èkìtì ni mo gbọ́. Mo ní ta ló fẹ́ ta Èkìtì fún ọmọ mi, pẹ̀lú gbogbo ọba tó wà níbẹ̀? Ìgbà tí o ní pákó tí òyìnbó ti gé sílẹ̀ ló ń jẹ́ kíìtì, pé ìwọ fúnra rẹ lo gé tìrẹ, ni ọkàn mi tó balẹ̀. Mo bi ọ́ pé ta ni ọ̀gá tó kọ́ ọ, o ní Yúùtúùbù. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? A rán ọmọ lọ sí yunifásítì, ó lọ ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ Yúùtúùbù, kò sẹ́ni tó bá a gbé ọtí lọ, kò sẹ́ni tó bá a tọwọ́ bọ̀wé. Abájọ tí Adéríbigbé fi ní gbogbo dúrọ́ọ̀ ló ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti wọ kòtò, tí ṣíbí ń fò lu èèyàn. Má san owó fírídọ̀ọ̀mù fún ọkùnrin Yúùtúùbù yẹn o, títí dúrọ́ọ̀ á fi jókòó jẹ́ẹ́.

Wọ́n tún ní abẹ́ àga ni ilé ìgbẹ́ wà. Àga tí àlejò ń jókòó lé! Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, àga yẹn náà lẹ ń tẹ́ di bẹ́ẹ̀dì, a jẹ́ pé orí ṣáláńgá lọmọ mi ń sùn, gáàsì sì wà níbi orí rẹ̀. O ní oòrùn ló ń fún ọ níná. Òjò ò tíì dá níbí láti àná, mo ṣáà ń ronú pé inú òkùnkùn lo wà. O ní o máa lọ máa sùn létí òkun. Kí lo gbàgbé sétí òkun?

Mo ti di ẹrù mi, Dọ̀tun. Ìyá Àyìnkẹ́, tó ń fi ilé ọmọ rẹ̀ ní Gowon Estate yangàn sí mi, bi mí lẹ́yìn ìsìn pé ṣé yàrá mi ti ṣetán. Mo ní ó wà lọ́nà. Mi ò purọ́, àbí kì í ṣe ọ̀nà ló wà? Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Látìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, èmi nìkan ni mo ń jí nínú ilé yìí, yàrá yẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú. O gé pákó ibi tí ṣíbí máa sùn, o kò gé ti ìyá rẹ.

Mo ti wá ojútùú sí i ṣá. Má fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ilé tó bá lẹ́sẹ̀, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbé mi. Gbé e wọ àgbàlá bàbá rẹ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti bá Abdulganiyy tó ń lẹ táyà sọ̀rọ̀, yóò bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó gbé ilé náà ka búlọ́ọ̀kù, nítorí mi ò tíì rí ilé tó ń lo táyà rí láyé mi. Àwọn ará ìjọ máa wá pẹ̀lú ẹ̀wù funfun wọn, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á yí i ká, wọ́n á yà á sí mímọ́. Nítorí náà, jọ̀ọ́, owó búlọ́ọ̀kù, owó Abdulganiyy àti owó àbẹ́là ni kí o mú dání.

Bẹ́ẹ̀dì tìrẹ yẹn, èmi ni n óò máa sùn lórí rẹ̀. Ìwọ á wọ ọkọ̀ èrò padà sí Ìgàndó. Ọlọ́run á bá ọ kọ́ òmíràn, èyí tó lè dúró de èèyàn. Àmín.

Èmi ìyá rẹ, tó ti di ẹrù,
Ọmọlará.