Alẹ́ Tí Gbogbo Abúlé Jókòó Dè Ọ́

Cwm Helyg,
Ọjọ́ Ajé, oṣù kọkànlá, ọdún 1958.

Tudur ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ọlọ́run tó sìn ọ́ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Èmi náà ń mí, eruku òkúta kò tíì kúrò láyà mi, òjò ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, àgùntàn Marged sì ti wọ ọgbà mi, ó jẹ gbogbo kábéèjì mi tán.

A rí lẹ́tà rẹ pé a ó rí ọ nínú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo sọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ sọ fún ìjọ, ó sì sún ìpàdé àdúrà síwájú nítorí tìrẹ. Ilé Marged àbúrò mi nìkan ni tẹlifíṣọ̀n wà, ibẹ̀ la kóra jọ sí, èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n, àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo fá irùngbọ̀n, mo wọ kóòtù ọjọ́ Ìsinmi, torí mi ò fẹ́ kí o wò wá láti inú lọ́hùn-ún kí o bá bàbá rẹ nínú aṣọ iṣẹ́.

Ọmọbìnrin tó ń kéde ètò jáde, ó ní ẹ kú alẹ́. Mo dìde, mo ní ẹ kú alẹ́ o, ọmọ mi. Mo máa ń dá a lóhùn, ìwọ náà rí mi nígbà Kérésìmesì. Wọn kì í kí èèyàn kó dákẹ́ bí odi. Ìròyìn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ọkùnrin kan ń kọ́ wa bí a ṣe ń gbin àlùbọ́sà, ilẹ̀ rẹ̀ kò dára, mo sì sọ fún un. Nǹkan kan wá bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n fi ọwọ́ amọ̀kòkò kan hàn wá, tó ń mọ ìkòkò lọ tí kò parí, kí a máa wò ó títí wọ́n á fi tún un ṣe. Harri Alápatà ní bí òun bá ń ṣiṣẹ́ báyìí, ebi ì bá ti pa gbogbo wa.

Nígbà tó yá, ìwọ náà dé. Marged pariwo pé Tudur rèé, wọ́n pàtẹ́wọ́. O fi irùngbọ̀n funfun lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, fìlà mi sì wà lórí rẹ, fìlà mi tí sìgá jó létí, tí o gbà lọ́wọ́ mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pé o fẹ́ ohun tí wàá fi máa rántí mi. Mo kọ́kọ́ yọ̀. Àfi bí o ṣe jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan, o dìde, o ṣí fìlà, o kí ọmọbìnrin inú rẹ̀ pé ẹ kú alẹ́ o, ọmọ mi, pẹ̀lú ohùn mi, pẹ̀lú ikọ́ mi. Àwọn èèyàn tí a kò rí lọ́dọ̀ yín rẹ́rìn-ín bíi kí wọ́n kú. Tiwa náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni wọ́n rántí wò mí, pásítọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

Ohun tó dùn mí nìyí, Tudur. Kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ láàrin èmi àtìrẹ, o sì ń wò mí lójú. Mo dìde tòun ti ife tíì lọ́wọ́, mo ní ó tó, ọmọ mi, pásítọ̀ wà níbí. O wò mí, o tún wúkọ́. Bó bá ṣe pé ẹ̀yìn mi lo ti ṣe é, ǹ bá ní gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ni àgbà ń gbọ́. Ojú mi báyìí lo ti ṣe é.

Marged ní kí n má bínú, pé àwọn ara inú tẹlifíṣọ̀n kì í rí wa. Mo ní kó panu mọ́. Ọmọbìnrin yẹn tó máa ń ní ó dàárọ̀ lálaalẹ́, ta ló ń dágbére fún?

O mọ̀ pé iṣẹ́ la fi ń dá ara wa mọ̀ níbí, torí orúkọ ìdílé kan náà ni ìdajì abúlé ń jẹ́. Ogójì ọdún ni mo fi jẹ́ Idwal Olókùúta. Lánàá, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Harri ní Idwal Ẹkúalẹ́, ṣé mo jí ire. Orúkọ tí wọ́n máa fi kéde òkú mi nìyẹn.

Mi ò tọrọ owó lóṣù yìí. Èyí tí wọ́n fún ọ nítorí ikọ́ mi, máa ná an. Fìlà mi ni kí o fi ránṣẹ́, òjò ń pa mí lórí, ìyá rẹ ló sì rà á fún mi kó tó kú. Fi ìwé wé e dáadáa.

Mo ṣì ń dìde kí ọmọbìnrin yẹn. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọmọkùnrin, Tudur. Kó gbọ́n bíi tìrẹ, kó sì mọ ohùn rẹ sórí bí o ṣe mọ tèmi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Idwal.