Ẹ̀rọ Tó Gba Ọ̀rọ̀ Mọ́ Ìyàwó Mi Lẹ́nu

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Mølledam,
Søby, Erékùṣù Ærø,
Denmark.

Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Àwọn Oníbàárà lórí Ẹ̀rọ Inú Ilé,
Copenhagen.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌMÚDÓJÚÌWỌ̀N TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ILÉ WA Ń ṢE LÁÌGBA ÀṢẸ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ ÀṢẸ NÁÀ PADÀ SỌ́WỌ́ ẸNI TÓ NI Ẹ̀RỌ

1. Orúkọ mi ni Verner Kjeldgaard. Èmi ni olórí èbúté Søby kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo kọ ìwé yìí ní orúkọ ara mi àti ti Tove, ìyàwó mi, ẹni tó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, tó sì ti ní kí n pa àwọn gbólóhùn kan rẹ́ nítorí pé wọ́n le jù. Kì í ṣe ìbínú ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín. Inú wa dùn, ọ̀ràn náà sì ti ní ojútùú nínú ilé tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà yanjú rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì gbà pé kò yẹ kó tẹ́ ẹ̀yin náà lọ́rùn.

2. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kọ̀ǹpútà jẹ́ fún wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Tove fi ta kọfí nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò àti mọ́tò wá sí erékùṣù wa. Òun náà ló máa ń kéde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ọkọ̀ ti fẹ́ gúnlẹ̀, kí oníkálùkù lọ sídìí mọ́tò rẹ̀. Kò sí ẹni tó dàgbà ní Søby tí kò mọ ohùn náà. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni àìsàn kan tó ń jẹ iṣan ara wọlé tọ̀ ọ́. Ó mú ọwọ́, ó mú ẹsẹ̀, níkẹyìn ó mú ohùn. Àmọ́ dókítà ti ta wá lólobó ṣáájú. Nígbà tí ohùn ṣì wà, Tove jókòó, ó ka ọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì fi ìyẹn ṣe ohùn kan fún un, ohùn tirẹ̀ gan-an, tòun ti bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí ọmọ bíbí Ærø. Lónìí, ojú ló fi ń kọ̀wé. Bó bá tẹjú mọ́ lẹ́tà kan lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà náà á jáde. Bí gbólóhùn bá pé, kọ̀ǹpútà á fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ síta. Ẹlòmíràn ń fi kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ wo àwòrán ọmọ-ọmọ. Tiwa ni ẹnu ìyàwó mi.

3. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún yìí, a pé àádọ́ta ọdún tí a ti fẹ́ra wa. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ wa, àwọn aládùúgbò ti fi ẹ̀ka igi tútù yí ilẹ̀kùn wa ká, wọ́n sì dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti fi orin jí wa. A ti wọṣọ tán nínú ilé, a ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń sùn. Nígbà tí wọ́n kọrin tán, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì ti Tove jáde lórí àga onítáyà rẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ojú kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì jẹ́ kí n kà á. Ragnhild Toft, aládùúgbò wa tó máa ń lé orin, gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ènìyàn sì dákẹ́. Ohùn Tove bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: "Ẹ̀yin ará Søby, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Verner ló kọ́kọ́ wá mi wá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín lónìí. Ní ọjọ́ kan báyìí..."

Ibẹ̀ ni ohùn ti gé. Ojú kọ̀ǹpútà di àwọ̀ búlúù. Àkọlé kan hàn níbẹ̀ pé ìmúdójúìwọ̀n, ìyẹn àtúnṣe tí ẹ̀rọ máa ń ṣe sí ètò inú rẹ̀, ń lọ lọ́wọ́, kí a jọ̀wọ́ má ṣe pa ẹ̀rọ náà.

4. A kò pa á. A dúró nínú òtútù. Ragnhild sún mọ́ mi, ó ní, "Verner, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní ìmúdójúìwọ̀n ni. Ó ní, "Ní irú àárọ̀ yìí? Ta ló ní kó ṣe é?" Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò mọ ẹni tó ní kó ṣe é. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo gbé wá síwájú yín. Ragnhild yíjú sí àwọn ènìyàn, ó ní, "Ó dáa, orin kù nílẹ̀!" Wọ́n kọrin títí orin ìgbéyàwó fi tán lẹ́nu wọn, wọ́n kọ orin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó sì yá, wọ́n bọ́ sórí orin Kérésìmesì, nínú oṣù Karùn-ún. Mo wo ojú Tove, mo rí i pé ẹ̀rín ló ń rín.

5. Ẹ̀rín náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jí, ó tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin kan ló fi sọ ọ́, ọkùnrin ìlú ńlá, bí ẹni tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́. Ètò tuntun náà kò dá ohùn Tove mọ̀ mọ́. Tove di ojú rẹ̀ pa, kò sì là á títí mo fi pa ẹ̀rọ náà. Mo pín búrẹ́dì àti kọfí fún àwọn ènìyàn, mo bu ọtí líle díẹ̀díẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bó ti yẹ, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ti ilé ọ̀fọ̀ bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìyàwó mi, n kò rí i kí ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kó má parí rẹ̀ rí.

6. Mo pe ilé iṣẹ́ tó ṣe ètò náà lórí fóònù. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn ní sùúrù, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní, "Bàbá, nítorí ààbò yín la fi ń ṣe é o." Mo ní mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo máa fi dá a dúró ni mo ń béèrè. Ó ní, "Ẹ lè sún un síwájú." Mo ní, "Ọmọ mi, n kò ní kí n sún un síwájú. Mo ní kí n dá a dúró, títí èmi fúnra mi á fi sọ pé ó yá." Ó ní, "Bàbá, n kò ní parọ́ fún yín. Ìyẹn kò sí níbẹ̀." Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìdáhùn náà.

7. Sidsel, ọmọ wa obìnrin, bá ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Ó rí ọ̀nà dá kọ̀ǹpútà padà sí ètò ti tẹ́lẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀ sì padà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ni pé, "Sidsel, bá mi sọ fún bàbá rẹ kó lọ fá irùngbọ̀n, ó ti dà bí àgbẹ̀ tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù." Èmi àti ọmọ mi sunkún, a sì rẹ́rìn-ín. Inú wa dùn débi pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ gba atẹ́gùn létí òkun. Ìgbà tí a fi padà wálé, ẹ̀rọ náà ti tún ara rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin ìlú ńlá náà ló kí wa káàbọ̀.

Sidsel tún dá a padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wá gbogbo ihò tí ìmúdójúìwọ̀n lè gbà wọlé. Ó dá a dúró fún iye ọ̀sẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà gbà láàyè, ó sì ti apá tó ń ṣe iṣẹ́ náà pa, ṣùgbọ́n apá náà tún máa ń dìde fúnra rẹ̀. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni pé ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé dátà wa wọ́n gógó, pé ìwọ̀n ìwọ̀n ni a ń rà á. Láti ìgbà náà, kò fa ohunkóhun wọlé mọ́ láìbéèrè. Mo bi Sidsel bóyá òótọ́ ni pé dátà wa wọ́n. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Irọ́ la pa fún un. Irọ́ nìkan ló ń gbọ́."

8. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ohun tó ń dùn mí nìyí. N kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń parọ́ fún ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá òun kó tó lè fi òun lọ́rùn sílẹ̀. N kò sì sọ pé ìmúdójúìwọ̀n kò dára. Mo ṣiṣẹ́ ní èbúté, mo mọ̀ pé ọkọ̀ tí a kò dí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò rì, mo sì mọ̀ pé àwọn olè wà tó ń gba irú ihò bẹ́ẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n a kì í dí ihò ọkọ̀ nígbà tí èrò wà láàárín òkun. Sidsel ń wá fúnra rẹ̀ báyìí ní ọjọ́ tí Tove bá yàn. A máa ń tọ́jú ohùn náà síbòmíràn, a máa ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n, a máa ń dán an wò, a sì máa ń jẹun lé e lórí. Kò tíì bà wá nínú jẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

9. Kí ẹ má baà rò pé ìyà ló ń jẹ wá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà parí sí rere. Nínú oṣù Keje, Ragnhild tún kó àwọn aládùúgbò jọ sí ẹnu ọ̀nà wa. Tove sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán pátá, ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní ọmọkùnrin kan wà ní èbúté nígbà náà tí kì í mọ okùn ọkọ̀ hán bí òun bá ń wò ó. Ó ní nígbà tó sú òun, òun kéde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo èrò sì gbọ́: "Kí ọmọkùnrin tí okùn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé wá mu kọfí, ó ti tutù tán." Mo ti gbàgbé pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo ará Søby ti wá mọ̀ báyìí.

10. Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ bá wa pàṣẹ fún àwọn tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀:

(a) pé kí bọ́tìnnì kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí a lè fi dá ìmúdójúìwọ̀n dúró, tí kò ní tan ara rẹ̀ padà;

(b) pé kí ẹ̀rọ kankan má ṣe pa ara rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń lò ó, pàápàá ẹni tó ń fi sọ̀rọ̀;

(d) pé kí wọ́n sọ ohun tí yóò ṣíwọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n fún oníǹkan, kí ó tó gbà tàbí kí ó kọ̀.

A mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ ka tiwa dé òpin. Tove ní dandan ni kí òun fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, ó ní n kò gbọdọ̀ yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀:

"Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọkọ mi ti sọ̀rọ̀ jù. Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n kàn bi mí léèrè kí wọ́n tó pa mí lẹ́nu mọ́. Verner tó jẹ́ ọkọ mi gan-an, kì í dán an wò."

Àwa ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Verner Kjeldgaard,
Olórí Èbúté Søby tẹ́lẹ̀,

àti

Tove Kjeldgaard,
Olùkéde Ọkọ̀ Ojú Omi.