Ọwọ́ Tó Di Àpótí Mú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn níbi tí o wà? Èmi náà ń mí, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, bí ọpẹ́ tilẹ̀ wúwo lẹ́nu mi láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ.

Mo pè ọ́ títí lórí fóònù, o kò gbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló sọ fún mi pé o ní ìwọ lo pa bàbá rẹ. Ìdí tí mo fi kọ̀wé yìí nìyẹn.

Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwọ tí ò ń tọ́jú irinṣẹ́ ní yunifásítì lo bá a wá iṣẹ́ awakọ̀, kó máa kó irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì lọ sí àwọn ilé-ìwé girama tí kò ní. Ìwọ lo ní kó máa gbé àpótí maikirosíkóòpù tuntun sórí ìjókòó iwájú: “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá dé ojú kòtò, ẹ fọwọ́ kan dì í mú.” Lọ́jọ́ náà lẹ́bàá afárá, ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń darí ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ni ọkọ̀ fi lulẹ̀. Àwọn ará yunifásítì wá gbé àpótí náà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀kan nínú wọn yẹ̀ ẹ́ wò níwájú mi, ó ní, “Ọpẹ́ o, dígí rẹ̀ kò tilẹ̀ sán.”

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o kò mọ̀. Ọ̀gá awakọ̀ ti rán káfíńtà pé kó kan àyè fún àpótí náà lẹ́yìn ọkọ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì. Bàbá rẹ kọ̀. Mo bá a jà títí. Ó fi orúkọ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, “Ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n, fi mí sílẹ̀. Ojú tí àwọn ọmọ yẹn fi ń wò mí tí mo bá gbé e sọ̀kalẹ̀, o ò rí irú ẹ̀ rí.” Mo ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ ABD!” Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ọ̀rọ̀ rẹ kò sí níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n fún un ní ọ̀nà mìíràn, ó kọ̀ ọ́.

Olùkọ́ ilé-ìwé tí bàbá rẹ ń lọ lọ́jọ́ náà wá kí mi. Ó ní àwọn ọmọ ti bu omi adágún sínú ìgò, wọ́n tò ó sórí tábìlì, wọ́n ń retí maikirosíkóòpù tí wọn yóò fi wo ohun tó wà nínú rẹ̀, títí aago ìparí fi lù. Wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì jáde láti ọjọ́ náà. Àwọn ará yunifásítì ní ìwọ nìkan lo mọ bí wọ́n ṣe ń to irinṣẹ́ inú rẹ̀, kí n bá wọn bẹ̀ ọ́. N kò ní bẹ̀ ọ́. Bí kò bá wù ọ́, kó dípẹtà síbẹ̀.

Ilé ni mo ní kí o wá, kì í ṣe ibi iṣẹ́. N kò lè máa ṣọ̀fọ̀ ọkọ, kí n tún máa ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́, wá sun ún níbi tí mo ti lè gbọ́.

Kí Ẹlẹ́dàá tù ọ́ nínú. Ìwọ ni yóò sin mí, èmi kò ní sin ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí ń retí rẹ.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù: N kò tíì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ṣì ń ṣí i.